Oṣù mẹ́rìnlá tí mo fi wáṣẹ́ lórí fóònù: LinkedIn gba 4 nínú 5, àwọn tó kù ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́

Ìwé ẹsáísì kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fi ń kọ gbogbo ibi tí mo bá ti fi CV ránṣẹ́. Lánàá ni mo tún ṣí i, mo kà á látòkè délẹ̀. Ibi 212 ni mo ti fi CV ránṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́rìnlá, àwọn tó dá mi lóhùn jẹ́ 9, ìntáfíù tí wọ́n pè mí sí jẹ́ 4, méjì nínú mẹ́rin yẹn kì í tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ gidi, màá débẹ̀. Iṣẹ́ tí mo wá rí tí mo ń ṣe báyìí ò sí nínú ìwé yẹn rárá, mi ò fi CV kankan ránṣẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó pè mí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ní kí n kọ eléyìí, torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn tó ń bèèrè pé ṣé LinkedIn yìí, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́, àwọn tó ń wáṣẹ́ àti àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ti ń pàdé, ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ àbí ariwo lásán ni.

Ó ń ṣiṣẹ́. Ibi tí gbogbo wa ń tẹ̀ yẹn ṣá kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́.

Kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: HND Accountancy ni mo ní, bàbá mi ò mọ mínísítà kankan, ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Agége ni mò ń gbé látìgbà tí mo ti sìnlú tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe HND ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, tẹ́ ẹ bá ti ń bá ìpolówó iṣẹ́ kan bọ̀ látòkè, gbogbo ẹ̀ bá yín mu, ẹ wá dé ìsàlẹ̀ ẹ rí "B.Sc only", ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan gbá yín létí.

LinkedIn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe nǹkan tuntun o, 2003 ni wọ́n ti gbé e jáde, Facebook ò tíì sí láyé nígbà yẹn. Microsoft rà á ní 2016, owó tí wọ́n san lé ní bílíọ̀nù 26 dọ́là, nígbà tó sì di 2023 wọ́n ní àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ti pé bílíọ̀nù kan. Bílíọ̀nù kan èèyàn nínú ọjà kan ṣoṣo! Ó yẹ kí n ti bi ara mi pé báwo lẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ rí mi nínú irú èrò báyẹn. Mi ò bi ara mi. Fọ́tò tí mo yà níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi síbẹ̀, fìlà lórí, aṣọ ẹbí lọ́rùn, ọwọ́ ẹlòmíì ṣì wà léjìká mi níbi tí mo ti gé fọ́tò náà. Mo kọ "Job Seeker" sábẹ́ orúkọ mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Easy Apply bí ẹni ń ta ayò.

Easy Apply yìí, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí ẹ̀. Bọ́tìnì kan ni, tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, CV tẹ́ ẹ ti gbé síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á lọ, ẹ dáhùn ìbéèrè méjì mẹ́ta, ó parí, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ó rọrùn gan-an, ibẹ̀ náà ni wàhálà ẹ̀ wà, torí bó ṣe rọrùn fún mi náà ló rọrùn fún gbogbo ẹni tó wà nínú dánfó, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tó ń bínú sí ọ̀gá ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé síta láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ẹ ti máa rí i níbẹ̀ pé èèyàn tó lé ní 100 ti tẹ̀ ẹ́. HR wo ló fẹ́ jókòó ka gbogbo ẹ̀? Nínú 212 mi yẹn, bíi 150 ni Easy Apply, ìdáhùn tí mo rí níbẹ̀ ò ju méjì lọ, àwọn méjèèjì ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "unfortunately". Mi ò bínú sí bọ́tìnì o, ohun tó ní òun máa ṣe ló ṣe, CV mi ló lọ bó ṣe rí.

Bó ṣe rí yẹn náà ló wá ń já mi láyà. Nígbà tó pé bí oṣù mẹ́rin mo rí bọ̀dá kan lórí ayélujára, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tó ní òun máa ń tún CV àti prófáìlì ṣe, 15,000 náírà. Mo yáwó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo san án. Ẹ̀yin èèyàn, ohun tó fi ránṣẹ́ padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà! Ó ní mo jẹ́ "results-driven professional" tó ti ní ìrírí ọdún márùn-ún. Ọdún márùn-ún níbo? Èmi tó jẹ́ ọdún tí mo fi ṣe àgùnbánirọ̀ nìkan ni mo fi ṣiṣẹ́ rí? Ó tún kó orúkọ sọ́fúwíà mẹ́ta kan síbẹ̀ tí mi ò fojú kàn rí, mo pè é, ó ní bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé kí n lọ wo ó lórí YouTube kí wọ́n tó pè mí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí CV ọmọ àdúgbò wa kan tóun náà sanwó fún un, ọ̀rọ̀ kan náà ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, orúkọ lásán ló yí padà. Iṣẹ́ bọ̀dá yìí gba 1 nínú 5, ìyẹn náà torí pé ó máa ń gbé ìpè.

Ẹni tó tún un ṣe fún mi gan-an ò gba kọ́bọ̀. Àǹtí kan ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbọ́n mi, HR ni wọ́n níbi kan ní Ìkẹjà, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ìsìn, wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀ tó máa tẹ 'job seeker' pé òun ń wá ẹni tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́?" Wọ́n ní orúkọ iṣẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀, orúkọ ìlú, pẹ̀lú nǹkan téèyàn mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n wá bi mí pé níbi tí mo ti sìnlú kí ni mò ń ṣe gan-an. Mo ní kò sí nǹkan kan ma, mò ń ka oògùn ni ní sítọ́ọ̀ ọsibítù kan ní Kwara, mò ń kọ ọ́ sínú Excel. Àǹtí wò mí bíi pé mo bú wọn. "Ọmọ yìí, iṣẹ́ rèé tó ò ń pè ní kò sí nǹkan kan!"

Ààyè tí wọ́n fún wa lábẹ́ orúkọ yẹn, lẹ́tà 220 ni, kò kéré. A kọ "Store and Inventory Officer", a kọ Excel, a kọ pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjà tí wọ́n ń bá ìwé ṣe kóngẹ́, a wá kọ Agége, Ìkẹjà, Ọ̀tà sí i. Àǹtí ló ní kí n fi Ọ̀tà kún un torí ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ti pọ̀, ó sì sún mọ́ wa. Fọ́tò, mo lọ dúró síbi ògiri funfun lẹ́yìn ilé, ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi sìnlú ni mo wọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló yà á. Òun náà ò gbowó, bisikíìtì ló gbà.

Ti róńdó aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé èèyàn ń wáṣẹ́ yẹn, ọ̀nà méjì ló wà, ẹ lè jẹ́ kí gbogbo ayé rí i, ẹ sì lè jẹ́ kó jẹ́ pé àwọn tó ń gbani síṣẹ́ nìkan ló máa rí i. Ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ kó mú ìkejì, kó sì mọ̀ pé LinkedIn fúnra wọn ní àwọn ń gbìyànjú pé kí ilé iṣẹ́ tí èèyàn wà má rí i, pé àwọn ò ṣèlérí o. Èmi tí mi ò ní ọ̀gá kankan tí mò ń sá fún, gbangba ni mo gbé e sí.

Ó wá kù síbi tọ́rọ̀ wà. Apoògùn obìnrin kan wà ní ọsibítù tí mo ti sìnlú yẹn, kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi, a ò jẹun pọ̀ rí, oṣù mẹ́ta péré la jọ wà níbẹ̀ tí wọ́n fi kúrò, ká ṣáà sọ pé ojúlùmọ̀ lásán. Mo rí wọn lórí LinkedIn, mo tẹ connect, wọ́n gbà á, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Ó tó bí oṣù méjì sígbà yẹn ni wọ́n kọ̀wé kan pé oògùn tí déètì ẹ̀ ti kọjá ló ń jẹ owó àwọn sítọ́ọ̀ oògùn, pé tí ọjà tuntun bá dé, iwájú làwọn èèyàn ń kó o sí, wọ́n á wá ti ti tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn títí á fi bàjẹ́. Kọmẹ́ǹtì tó wà lábẹ́ ẹ̀, "Great insight ma", "Thanks for sharing ma", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kọ ọ́ pé níbi tí mo ti sìnlú, bébà pupa là ń lẹ̀ mọ́ páálí tó bá ti ku oṣù mẹ́ta, yẹ́lò fún èyí tó ku oṣù mẹ́fà, pé èyí tí déètì ẹ̀ máa kọ́kọ́ kọjá ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ wọlé. Kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Mi ò tọrọ iṣẹ́, mi ò lẹ CV mọ́ ọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mẹ́sẹ́ẹ̀jì wọlé: "Ṣé ìwọ corper tó ń lẹ bébà pupa yẹn nìyí?"

Èmi ni ma. Wọ́n ní ṣé mo ti ríṣẹ́, mo ní rárá. Wọ́n ní ẹnì kan táwọn mọ̀ ní ilé iṣẹ́ tó ń pín oògùn kan ní Ọ̀tà ń wá ẹni tó máa jókòó sí sítọ́ọ̀, àwọn máa fún un ní nọ́ńbà mi. Ọjọ́rú nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e wọ́n mú mi wọ sítọ́ọ̀ wọn, wọ́n ní kí n sọ ohun tó burú níbẹ̀. Ìntáfíù mi nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi mí ní "tell us about yourself", kò sẹ́ni tó bèèrè B.Sc.

Mo kọ́kọ́ rò pé orí ló bá mi ṣe é, títí mo fi kà á pé ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Mark Granovetter ti kọ ọ́ ní 1973 pé ọ̀dọ̀ ojúlùmọ̀ lèèyàn ti sábà máa ń gbọ́ nípa iṣẹ́, pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ní 2022 àwọn kan tún gbé e yẹ̀ wò lórí LinkedIn yìí kan náà, wọ́n wo èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 20 fún ọdún márùn-ún, ibi kan náà ló já sí: àwọn tá a mọ̀ níwọ̀nba, tá a jọ ní ọ̀rẹ́ díẹ̀ ló ń là wá lọ́nà jù, kì í ṣe tímọ́tímọ́, kì í sì í ṣe ẹni tá ò mọ̀ rí rárá. Tẹ́ ẹ bá rò ó, òótọ́ ni. Èmi àti àwọn tá a jọ jáde ní Poly, kí ni wọ́n mọ̀ tí mi ò mọ̀? Gbogbo wa là ń pín línkì kan náà fúnra wa lórí WhatsApp kan náà, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa ò sì rí. Ojúlùmọ̀ ló ń ti ibòmíì bọ̀.

Torí náà ẹni tó bá ń lo LinkedIn kó lò ó bí ẹni lọ òde àríyá. Ẹ kì í dé òde kẹ́ ẹ kọjá síbi àmàlà tààrà láì kí oníyàwó, láì kí àwọn tó jókòó. Ẹ wá àwọn tẹ́ ẹ bá pàdé níbi iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, níbi ìsìnlú, ọ̀gá tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ẹ̀ rí, ọmọ kíláàsì tẹ́ ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá kọ nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, "Interested" tẹ́ ẹ ń kọ sábẹ́ gbogbo iṣẹ́ yẹn, ta lẹ fẹ́ kó ṣe kí ni sí i? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ímeèlì ni kẹ́ ẹ fi CV ránṣẹ́ sí, àádọ́ta èèyàn ṣì kọ "Am interested sir" sábẹ́ ẹ̀. Kí lẹ wá fẹ́ kí HR yẹn ṣe, kó wá yín wá sílé?

Nǹkan míì tí mi ò tètè mọ̀: iṣẹ́ tó wà ní abala Jobs kọ́ ni gbogbo iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Ọ̀tà, Àgbárá, Ìkòròdú, wọn ò ní sanwó ìpolówó, HR wọn á kàn kọ ọ́ sórí ojú ewé tiẹ̀ pé a ń wá báyìí báyìí, ímeèlì rèé. Ẹ tẹ orúkọ iṣẹ́ àti ìlú síbi ìwákiri lókè, ẹ mú Posts, ẹ má mú Jobs, ẹ wá ní kó fi tuntun ṣíwájú. Ibẹ̀ ni mo ti rí mẹ́ta nínú àwọn mẹ́sàn-án tó dá mi lóhùn.

Premium tí wọ́n ń gbé wá síwájú wa nígbà gbogbo ńkọ́? Oṣù kìíní ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa fi káàdì sílẹ̀, tẹ́ ò bá fagi lé e kó tó pé oṣù wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó. Mo lò ó lóṣù ọ̀fẹ́ yẹn, mo rí orúkọ àwọn tó wo prófáìlì mi, mo láǹfààní láti kọ̀wé sí ẹni tí mi ò mọ̀. Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé owó dátà lẹ ń wá bíi tèmi ẹ fi sílẹ̀, pàápàá látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní Jánúárì 2025 pé kí owó ìpè àti dátà gbéra tó ìdá 50 nínú 100. Ohun tó gbà mí síṣẹ́ ò ná mi ju dátà ọjọ́ kan lọ.

WhatsApp wá ni o. Gírúùpù iṣẹ́ 11 ni mo wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fóònù mi ò sinmi. Méjì tí mo ní kì í ṣe iṣẹ́ gidi yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ti àkọ́kọ́, wọ́n ní ìgbìmọ̀ ti yàn mí, kí n wá sí Ìkẹjà láago mẹ́jọ àárọ̀ pẹ̀lú kóòtù àti bírò. Mo yá kóòtù. Mo débẹ̀, a tó ọgọ́ta, ẹ̀fọrí ooru nínú yàrá kan, ọkùnrin kan dìde ó ní ta ló fẹ́ di ọ̀gá ara ẹ̀ níbí, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé ó ti tán. Wákàtí méjì lórí ògógóró aláwọ̀ búráwùn kan tó ń wo gbogbo àìsàn, pé ká ra tiwa, ká wá mú èèyàn méjì wá, kí méjì yẹn náà mú méjì méjì wá. Ìkejì burú jùyẹn lọ: súpáfáísọ̀ ilé ìkẹ́rùsí, 180,000 náírà lóṣù, ilé wà, kò pọn dandan kéèyàn ní ìrírí. Wọ́n ṣe ìntáfíù orí fóònù fún mi, obìnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ ń sọ òyìnbó bí ẹní ń ka ìròyìn, wọ́n fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n ní 5,000 fún yúnífọ́ọ̀mù àti àyẹ̀wò ara. Mo san án. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní 7,500 fún káàdì ìdánimọ̀, ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Gbájúẹ̀ pọ́ńbélé.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú márùn-ún lásán ló máa gbà kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wà, ọ̀fẹ́ ni, téèyàn bá tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ síbẹ̀ ó máa rí bóyá wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Mo padà tẹ orúkọ ilé ìkẹ́rùsí mi yẹn lẹ́yìn tówó ti lọ, kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Wíwà lórí CAC náà kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ yẹn jẹ́ òótọ́ o, torí gbájúẹ̀ lè jí orúkọ ilé iṣẹ́ gidi lò, ẹ wá nọ́ńbà ilé iṣẹ́ yẹn fúnra yín kẹ́ ẹ pè wọ́n. Owó tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun yòówù kí wọ́n pè é, ẹ sá. WhatsApp gba 2, torí gírúùpù àwọn tá a jọ jáde ní Poly ṣì dáa, iṣẹ́ tó bá dé ibẹ̀ a máa ń mọ ẹni tó gbé e wá.

X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, dáa fáwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń ya àwòrán, àwọn tó ń kọ̀wé, iṣẹ́ tí wọ́n lè gbé hàn. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ń kó iṣẹ́ ẹ̀ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí oníbàárà. Kẹ́ ẹ ṣá má gbé gbogbo ẹyin yín sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn nìkan, ṣẹ́ ẹ rántí pé ìjọba tì í pa mọ́ wa látọjọ́ 5 Júùnù 2021 di Jánúárì 2022. Facebook, ẹ ń fojú kékeré wò ó, àmọ́ ẹni tó ń wá awakọ̀, ẹni tó ń wá ọmọ ṣọ́ọ̀bù, télọ̀, ìyá alásè, inú àwọn gírúùpù àdúgbò níbẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ọmọ tó ń ran ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ la ti rí i. Telegram, mo jáde lọ́jọ́ kẹta.

Jobberman, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́, mo gbà fún wọn, 2009 làwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní OAU, nílé ìwé ní Ifẹ̀, ó sì tún mọ́ tónítóní ju gírúùpù WhatsApp lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín tí iṣẹ́ tuntun bá jáde, ẹ kà á láàárọ̀, ẹ padà síbi ojúlùmọ̀ yín. 3 nínú 5.

Ọ̀kan tí mo yọ lára LinkedIn, torí ọkàn èèyàn ni mo fi yọ ọ́. Ẹni tí ò níṣẹ́ tó jí láàárọ̀ tó ń ka "I am thrilled to announce" àwọn tí wọ́n jọ kàwé, ó le. Oṣù kan wà tí mi ò ṣí i rárá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa bá àwọn lọ sí Ọjà Òkè-Odò, mo sì ń gbé àpò gààrí, ara mi yá sí i.

Ní báyìí tí mo ti gbé "Store Officer" àti orúkọ ilé iṣẹ́ sórí prófáìlì, mẹ́sẹ́ẹ̀jì ti ń wọlé sí èmi náà, "Good morning sir, any vacancy?" Èmi, sir! Mo dá ọmọkùnrin kan lóhùn lọ́jọ́ Àìkú torí mo rántí ara mi, mo kọ ọ́ gùn díẹ̀, mo bi í pé iṣẹ́ wo gan-an lẹ lè ṣe, níbo lẹ ń gbé, kí lẹ ti ṣe rí. Ọjọ́ mẹ́rin rèé. Àtàńpàkò ló fi ránṣẹ́ padà.